Iṣẹ́ tech ethicist láti Abẹ́òkúta: ohun tẹ́ ẹ máa ń bi mí àti èsì ẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àtìgbà táwọn èèyàn ti gbọ́ pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, kò síbi tí mo dé tí wọn kì í bi mí, ìbáà jẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ìbáà jẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Pànṣẹ́kẹ́ lọ sí Kútọ̀, kódà àwọn mìíì máa ń fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóru. Mo wá kó àwọn tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí, kẹ́ ẹ lè kà á, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sẹ́lòmíì.

Iṣẹ́ wo ni tech ethicist ń ṣe gan-an?

Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ kan jáde, tàbí lẹ́yìn tó ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú pàápàá, ó yẹ kẹ́nì kan jókòó kó bèèrè pé ta ni nǹkan yìí máa fìyà jẹ, ta ló máa jèrè ẹ̀, ṣé ẹni tó máa jìyà ẹ̀ mọ̀ pé ó ń bọ̀, ṣé wọ́n tiẹ̀ bi í, tọ́rọ̀ bá sì bàjẹ́, ọ̀dọ̀ ta ló máa gbẹ́jọ́ lọ. Èmi ni mò ń bèèrè ẹ̀, owó ni wọ́n sì ń san fún mi láti bèèrè ẹ̀.

Ká ní ilé iṣẹ́ kan fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà pinnu ẹni tí wọ́n máa yá lówó. Mo máa wo irú dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa àwọn èèyàn, tí wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà náà, mo máa wò ó bóyá àwọn obìnrin ọjà tó jẹ́ pé èsúsú ni wọ́n ń dá, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lo báńkì, ni ẹ̀rọ yẹn ń já sílẹ̀ jù, mo máa bá àwọn tó kọ kóòdù ẹ̀ sọ̀rọ̀, mo máa bá àwọn oníbàárà náà sọ̀rọ̀, torí ohun tí ẹni tó ṣe é rò pé ó ń ṣe àti ohun tó ń ṣe lójú ẹni tó ń lò ó lè jìnnà síra gan-an. Màá wá kọ gbogbo ohun tí mo rí sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n yí padà. Nígbà mìíì ohun tí mo máa kọ ni pé kí wọ́n má ṣe é rárá. Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì wúlò jù.

Ṣé iṣẹ́ lóyà kọ́ nìyẹn?

Rárá o, òfin máa ń pẹ́ kó tó dé. Ẹ wo tiwa níbí. Ọdún 2014 la ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ka fún BVN, ṣùgbọ́n June 2023 ni Ààrẹ Tinubu tó fọwọ́ sí òfin tó dá dúró lórí dátà, ìyẹn Nigeria Data Protection Act. Láàárín méjèèjì, ìlànà kan tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé jáde ní 2019 ló wà, nǹkan míì tó tún wà ni abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa tó ní kí wọ́n má yọjú sí ọ̀rọ̀ àṣírí ẹnikẹ́ni. Ìka, ojú àti déètì ọjọ́ ìbí àìmọye èèyàn ti wọlé sínú kọ̀ǹpútà kí òfin tó jí. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ máa bèèrè ohun tó tọ́, kò lè dúró de Abuja.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?

Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ni. Norbert Wiener, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò l'Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà kan síta ní 1947 pé òun ò ní fi iṣẹ́ òun lé àwọn tó fẹ́ fi ṣe ohun ìjà lọ́wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Joseph Weizenbaum. Júù ni, Berlin ní Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1923, ìdílé ẹ̀ sì sá kúrò níbẹ̀ ní 1936 nítorí ìjọba Hitler. Nígbà tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà, ó kọ prógíráàmù kan tó ń jẹ́ ELIZA, ọdún 1966 ló gbé e jáde. Gbogbo ohun tí ELIZA ń ṣe ò ju pé kó gba ọ̀rọ̀ tó o bá tẹ̀, kó yí i padà di ìbéèrè fún ẹ, bí àwọn dókítà tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọkàn ṣe máa ń ṣe. Kò mọ nǹkan kan. Sẹ́kítírì ẹ̀ tó mọ̀ dájú pé ọ̀gá òun ló ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, kò pẹ́ rárá ló ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́ jáde fóun nínú yàrá.

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Àtìgbà yẹn ló ti ń kìlọ̀ títí tó fi kú ní 2008 pé àwọn ìpinnu kan wà tí kò yẹ ká gbé lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, bó ti wù kó mọ̀rọ̀ọ́ sọ tó. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ti ń rojọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ fún chatbot, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń báni fọ̀rọ̀ wérọ̀, kó tó rojọ́ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Weizenbaum ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ṣé àwọn èèyàn dúdú wà nínú ẹ̀ báyìí, ẹni tí mo lè máa wò gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe?

Wọ́n wà dáadáa, àwọn obìnrin dúdú ló tiẹ̀ pọ̀ níwájú. Joy Buolamwini, ọmọ Gánà ni àwọn òbí ẹ̀, ìgbà tó wà ní MIT ló rí i pé sọ́fítíwíà tó ń dá ojú mọ̀ ò rí ojú òun, àfìgbà tó fi ìbòjú funfun bojú. Ẹ gbọ́ mi yé, ojú ẹ̀ gan-an ò jẹ́ ojú lójú ẹ̀rọ. Ní 2018, òun àti Timnit Gebru gbé ìwádìí kan jáde lórí sọ́fítíwíà IBM, Microsoft àti Face++, tó ń wo ojú sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe tó pọ̀ jù ò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, fún obìnrin aláwọ̀ dúdú ó dé 34.7. Ohun tó fà á ò ṣòro, fọ́tò tí wọ́n ń kó jọ láti fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ yẹn àti láti fi dán wọn wò, ojú àwọn ọkùnrin funfun ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ní 2019 Buolamwini tún ṣe irú ìwádìí náà pẹ̀lú Inioluwa Deborah Raji, ọmọ tiwa tí wọ́n bí sí Nàìjíríà tó dàgbà sí Kánádà. Wọ́n rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ nígbà àkọ́kọ́ ti sáré tún tiwọn ṣe, nígbà tí tàwọn tí wọn ò dárúkọ, bíi Amazon, ṣì wà lẹ́yìn. Ìdí tí mo fi máa ń sọ ọ́ nìyẹn pé dídárúkọ ní gbangba ń ṣiṣẹ́. Ní June 2020, IBM ní àwọn ò ta irú ẹ̀rọ yẹn mọ́, Amazon sì ní kí àwọn ọlọ́pàá má lo tàwọn fún ọdún kan.

Wọ́n ní Google lé Timnit Gebru. Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò ní lé èmi náà?

December 2020 ni. Òun àti Margaret Mitchell ló jọ ń darí ẹgbẹ́ tó ń wo ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ níbẹ̀ nínú AI, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́ kó máa ṣe bí ẹni tó ń ronú. Wọ́n kọ ìwé ìwádìí kan lórí ewu tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń kọ ọ̀rọ̀, ilé iṣẹ́ ní kí Gebru yọ ìwé náà tàbí kó yọ orúkọ ẹ̀ kúrò níbẹ̀, òun ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìdí. Google ní Gebru ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, Gebru ní lílé ni wọ́n lé òun. Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lé Mitchell náà. Nígbà tó di December 2021, Gebru ti dá ilé ìwádìí tiẹ̀ sílẹ̀ tó ń jẹ́ DAIR.

Àbúrò, mi ò lè sọ fún ẹ pé wọn ò ní lé ẹ. Ẹni tó ń san owó oṣù ẹ náà lo fẹ́ sọ fún pé iṣẹ́ ẹ̀ léwu. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni pé kó o tó gbaṣẹ́, bèèrè ta ni wàá máa jábọ̀ fún, ṣé o láṣẹ láti ní kí wọ́n dúró, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí ohun tó o bá kọ jáde síta. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìpolówó ọjà ni wọ́n fi ẹ sí, orúkọ ẹ ni wọ́n fẹ́ rà yẹn, kì í ṣe ọpọlọ ẹ.

Kí ló dé tẹ́ ẹ jókòó s'Abẹ́òkúta? Ṣebí Èkó nirú iṣẹ́ yìí wà.

Íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń ṣiṣẹ́, tó bá sì di dandan kí n yọjú s'Ékòó, rélùwéè wà ní Laderin. Ìyẹn kọ́ ni ìdí tí mo fi dúró ṣá.

Ìlú yìí ti mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n máa wọn èèyàn láìbi í. Ní 1918 ni àwọn òyìnbó gbé owó orí dé bá àwa Ẹ̀gbá, wọ́n ń gba tobìnrin lọ́tọ̀, ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti di asanwó orí, ti ọkùnrin jẹ́ 16. Ìwé ọjọ́ ìbí wo ló wà nígbà yẹn? Ara ọmọ ni àwọn agbowó orí ń wò. Wọ́n ń tú aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti wò ó bóyá ó ti tóó sanwó. Ẹ dákun, ẹ dúró lórí ìyẹn díẹ̀, ẹ ronú ọmọ tiyín. Ẹ̀rọ ìwọ̀n wọn nìyẹn, ojú agbowó orí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ó wọ̀n ọ́n ṣì.

Nígbà tó di 1947, àwọn ìyá wa lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta ya lọ sí ààfin ní Aké, wọ́n kọrin, wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú, wọ́n ní àwọn ò ní máa san owó tí kò sí obìnrin kankan láàárín àwọn tó ń pinnu ẹ̀. January 1949 ni Aláké Ademola Kejì kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá owó orí obìnrin dúró. Lónìí ẹ̀rọ wà tó máa wo ojú ọmọ lórí fóònù tó máa ní ọmọ ọdún báyìí ni. Kò bọ́ aṣọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè àwọn ìyá wa ò tíì kúrò nílẹ̀, ta ló bi wá, ta ló sì wà níbẹ̀ tó ń gbẹnu wa sọ? Mi ò nílò kí n lọ kọ́ ìyẹn nílẹ̀ òkèèrè.

Tẹ́ ẹ bá sì dé ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú lónìí, ẹ bá àwọn ìyá aláàdìrẹ tó ti ń ti ọwọ́ bọ aró àti sódà látìgbà ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, ẹ wo ìka wọn. Ẹ̀rọ tó ń gba ìtẹ̀ka máa ń kọ irú ìka bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń kọ ti àgbẹ̀ àti ti bíríkìlà, torí iṣẹ́ ti jẹ ilà ọwọ́ wọn. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà jókòó nídìí tábìlì, ìka ẹ̀ ń dán, kò wá sí i lọ́kàn. Ká ní ìyá kan láti Ìtòkú wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dán an wò, wọn ì bá ti rí i lọ́jọ́ kìíní.

Áàpù ayánilówó tó ń fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, ṣé ọ̀rọ̀ yín náà nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ wa gan-an nìyẹn. Ẹ gba owó tí ò tó nǹkan, ẹ pẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó san án, wọ́n á wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ yín, sí àna yín, sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín pé olè ni yín, àwọn mìíì tiẹ̀ máa ń fi fọ́tò yín ṣe pósítà. Aládùúgbò mi kan tó ń ta ata ò lè lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́ nítorí ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé kò ṣèèṣì ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan jókòó sínú ọ́fíìsì, ó ní kí áàpù náà máa gba gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù, ẹlòmíì kọ kóòdù ẹ̀, ẹlòmíì dán an wò ó ní ó dáa. Kò séyìí tó bèèrè pé kí ni nọ́ńbà àna èèyàn fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ owó yíyá. Ìtìjú làwọn yẹn fi ṣe ohun ìdógò, torí wọ́n mọ bí ìtìjú ṣe tó láàárín wa.

Àjọ FCCPC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, gbé ìlànà jáde fún wọn ní 2022, Google náà sì ní láti 31 May 2023, áàpù ayánilówó tó wà lórí Play Store ò gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà àti fọ́tò oníbàárà mọ́. Ó ṣèrànwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi líǹkì ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ wá dáńlóòdù ẹ̀ níta Play Store, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́.

AI ti ń ya àdìrẹ báyìí. Ṣé olè kọ́ nìyẹn?

Ó ń dùn mí. Obìnrin kan máa fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan ló lórúkọ, ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ẹnì kan ya fọ́tò ẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ kó o mọ́ ẹgbàágbèje fọ́tò míì, ní báyìí ẹni tí kò dé Ìtòkú rí máa tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, àpẹẹrẹ á jáde, á tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ. Àwọn ìyá wa ò tíì jàjàbọ́ lọ́wọ́ àdìrẹ títẹ̀ tó ń wá láti Ṣáínà tí èyí fi dé.

Ti òfin ṣòro, torí àwọn àpẹẹrẹ àtijọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan, ti gbogbo wa ni. Èrò tèmi ni pé nǹkan tó bá jẹ́ àjọní, àwọn tó ni ín ló yẹ kí wọ́n jọ sọ iye àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà lò ó. Kí ilé iṣẹ́ wá bá ẹgbẹ́ aláàdìrẹ jókòó. Kò ṣòro láti rí wọn, ọjà náà ò sá lọ síbì kankan. Mo ti sọ èyí ní ìpàdé lóríṣiríṣi, mi ò sì ní yé sọ ọ́.

Àwọn tó ń to dátà fún AI ńkọ́, ṣé iṣẹ́ gidi nìyẹn?

Iṣẹ́ gidi ni, ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ wọn jẹ ló pọ̀. Ní January 2023, ìwé ìròyìn TIME kọ ọ́ pé àwọn ọmọ Kenya tó ń ka ọ̀rọ̀ burúkú burúkú kí ChatGPT lè mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọ, owó wọn ò tó dọ́là méjì ní wákàtí kan. Tó o bá fẹ́ ṣe é, bèèrè irú nǹkan tí wàá máa wò kó o tó fọwọ́ sí ìwé.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Owó wà, ṣùgbọ́n orúkọ ló máa ń yàtọ̀. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gba èèyàn pẹ̀lú orúkọ tech ethicist ní Nàìjíríà. Òfin dátà 2023 yẹn ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tí dátà tó wà lọ́wọ́ wọn bá pọ̀ ní data protection officer, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ààbò dátà, ẹnu ọ̀nà tó gbòòrò jù nìyẹn. Àwọn míì wà ní báńkì, ní fintech, ní NGO, ní yunifásítì, àwọn kan ń bá òkèèrè ṣe é látilé. Ẹni tó fẹ́ tètè lówó, kó lọ kọ kóòdù.

Kí ni kí n kà ní yunifásítì?

Kò sí kọ́ọ̀sì kan pàtó. Kọ̀ǹpútà, òfin, fìlọ́sọ́fì, sosiọ́lọ́jì, gbogbo ẹ̀ ló lè gbé ẹ débẹ̀. Mo mọ ẹni tó ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní FUNAAB tó ń ṣe é, torí ó rí ohun tí àwọn áàpù àgbẹ̀ ń fi dátà oko ṣe. Mọ kóòdù díẹ̀ kí wọ́n má baà fi gírámà lé ẹ sẹ́yìn, mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìṣirò inú ìwádìí, kó o sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ àgbàlagbà láìjá lu ọ̀rọ̀ ẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ò ní.

Ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Onígbàgbọ́, mùsùlùmí, oníṣẹ̀ṣe, gbogbo wa la mọ̀ pé kò dáa kéèyàn fi àṣírí ẹlòmíì ṣòwò.

Tí wọn ò bá wá gbọ́ tiyín ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ti gba ìwé lọ́wọ́ mi rí, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ náà jáde bó ṣe wà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sọ fún wọn, mo fi déètì sí i, mo sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ìwé yẹn wúlò, torí lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá dé, kò sẹ́ni tó máa lè ní àwọn ò mọ̀. Ẹ sì wo ti July 2024 tí FCCPC ní kí Meta, ilé iṣẹ́ tó ni WhatsApp, san 220 mílíọ̀nù dọ́là lórí ọ̀rọ̀ dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà. Àwọn òṣìṣẹ́ ló jókòó tì í tí wọ́n ń ka ìlànà WhatsApp láti ìlà dé ìlà kó tó débẹ̀.

Ọmọ mi, áàpù kan ní òun ò yá mi lówó, kò sọ ìdí. Ṣé mo lè ṣe nǹkan kan sí i?

Ẹ lè ṣe é, Màmá. Òfin dátà 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ní lórí yín, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe, tó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló dá ìpinnu náà ṣe, ẹ lè ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara wò ó. Kí ọmọ yín bá yín kọ lẹ́tà kúkúrú sí íméèlì ilé iṣẹ́ náà, inú ìwé privacy wọn ló máa ń wà. Kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ̀, kẹ́ ẹ wá ní: ẹ fi gbogbo dátà tẹ́ ẹ ní lórí mi hàn mí, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fi pinnu, mo sì fẹ́ kí èèyàn tún un wò. Ẹ má fi BVN tàbí PIN sínú ẹ̀ o. Tí wọn ò bá dáhùn, tàbí wọ́n dáhùn ìdákúdàá, ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀, ẹ gbé e lọ bá NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò nílò lóyà. Ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n bá dá lẹ́bi lè san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹ sọ iye yẹn sínú lẹ́tà yín náà, wọ́n á tètè kà á.